Iṣẹ́ àti Ayọ̀ ní Ọjọ́ Ogbó



Gbogbo wa ni a ń gbàdúrà pé kí a gbó, kí a tọ́. Níbi ìsọmọlórúkọ, àdúrà náà ni. Níbi ìgbéyàwó, òun náà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọlọ́run bá ti gbọ́ àdúrà wa, tí ó sì fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí wa, kí ni kí a fi ṣe? Èyí ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò.

Bí ìyá bá ti di ẹni ọgọ́rin ọdún, àwọn ọmọ a gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀; wọn a gba ọkọ́ lọ́wọ́ bàbá; wọn a ní, “Ẹ jókòó, ẹ ti ṣe tiyín.” Ìfẹ́ ni ó ń mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí a kò sì fi òmíràn rọ́pò, kí ni yóò máa jí ṣe ní òwúrọ̀? Ẹsẹ̀ tí kò rìn a máa le. Ọkàn tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ a máa rẹ̀wẹ̀sì. Ìsinmi dára lẹ́yìn iṣẹ́. Ìsinmi tí kò ní iṣẹ́ kankan ṣáájú rẹ̀, àtìmọ́lé ni.

Ẹ wo ẹni mẹ́ta nínú Ìwé Mímọ́. Kálébù pé ẹni ọdún 85 kí ó tó bèèrè òkè Hébúrónì lọ́wọ́ Jóṣúà. Kò bèèrè ibi tí ó rọrùn. Básíláì jẹ́ ẹni ọdún 80. Ó ti bọ́ ọba Dáfídì nígbà ìpọ́njú, ṣùgbọ́n nígbà tí ọba pè é sí Jerúsálẹ́mù, ó mọ ìwọ̀n agbára rẹ̀, ó sì ní kí Kímhámù lọ dípò òun. Ánà, opó arúgbó, kò kúrò ní tẹ́ńpìlì. Òun náà sì sọ̀rọ̀ Ọmọ náà fún àwọn ènìyàn. Iṣẹ́ wọn kò dọ́gba, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo nínú wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí láàrin àwa náà. Samuel Àjàyí Crowther di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Nígbà tí ó lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ó ṣì ń wọ ọkọ̀ lọ sí Odò Ọya fún iṣẹ́ ìjọ, títí di ìgbà díẹ̀ kí ó tó kú ní ọdún 1891. Ìyá rẹ̀, Àfálá, kì í ṣe ọ̀dọ́ mọ́ nígbà tí wọ́n tún rí ara wọn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1846. Síbẹ̀ ó kọ́ ẹ̀kọ́ tuntun, a sì rì í bọmi ní ọdún 1848 ní orúkọ Hannah.

Àwọn oníṣègùn pàápàá jẹ́rìí sí i. Ní ọdún 1990, wọ́n ròyìn láti Amẹ́ríkà nípa àwọn arúgbó díẹ̀, ẹni ọdún 86 sí 96, tí a kọ́ láti máa fi ẹsẹ̀ gbé ohun wíwúwo fún ọ̀sẹ̀ 8 lábẹ́ ìtọ́jú. Agbára ẹsẹ̀ wọn pọ̀ sí i gidigidi.

Nítorí náà, mo ní ìmọ̀ràn mẹ́ta. Èkínní, kí arúgbó máa rìn lójoojúmọ́ bí ara rẹ̀ ti gbà á, ìbáà ṣe dé ẹnu ọ̀nà aládùúgbò. Èkejì, kí iṣẹ́ kan jẹ́ tirẹ̀ nínú ilé: kí ó bó ẹ̀gúsí, kí ó bomi rin ewébẹ̀, kí ó kọ́ àwọn ọmọ ní oríkì àti ìtàn ìdílé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ̀kẹta, kí ó ní ẹgbẹ́: ọ̀rẹ́ tí wọn yóò jọ ta ayò, tí wọn yóò jọ rẹ́rìn-ín.

Ẹnì kan lè bèèrè pé, “Ẹni tí àìsàn dè mọ́ ibùsùn ńkọ́?” Iyì rẹ̀ kò dín. Ẹ má ṣe ka iṣẹ́ sí i lọ́rùn. Ẹ bèèrè ìmọ̀ràn àti ìre lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí a ṣì ń bèèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ̀ pé a kò tí ì gbàgbé òun.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá délé lónìí, ẹ má ṣe kọ́kọ́ sọ fún àgbà yín pé kí ó jókòó. Ẹ bi í léèrè iṣẹ́ tí ó wù ú láti ṣe. Kí Olúwa fún gbogbo wa ní ogbó tí ó wúlò, tí ó sì ní ayọ̀. Àmín.