Férémù Ni Kí A Kùn, Kì Í Ṣe Ojú Àwọn Òbí Wa

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹ̀ka sọ ní ìpàdé oṣù, nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa ní Sábọ́n Gàrí, Zaria

  

Ní ìpàdé tí ó kọjá, ẹ ní kí àwa akọ̀wé yín wá ṣàlàyé bí àwọn férémù ògbólógbòó ara ògiri yìí ṣe di ohun tí ń dán bíi fàdákà. Àwọn ẹlòmíràn rò pé a ra tuntun ni. A kò ra tuntun. Pákó àná náà ni. Ọ̀dà ni a fi wọ̀ wọ́n láṣọ. Ṣùgbọ́n kí a tó sọ bí a ti ń ṣe é, ó yẹ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tí a bàjẹ́. Ẹni tí a fi ọ̀nà hàn, tí a kò fi kòtò ojú ọ̀nà hàn, inú kòtò náà ni yóò bọ́ sí.

Ẹ rántí pé àwòrán mọ́kànlá ni ó wà lára ògiri yìí. Fáníṣì ara férémù wọn ti bó, ikán ti tọ́ méjì wò, eruku ọyẹ́ sì ti kún gbogbo kọ̀rọ̀ ara wọn. Nígbà tí a gbọ́ pé àwọn àgbà láti ilé ń bọ̀ wá kí wa, ojú tì wá. A lọ bá oníférémù kan lọ́jà. Iye tí ó dá lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó tí ó wà nínú àpótí ìsìnkú. Àwọn kan ní kí a san án. Àwọn kan ní owó tí a fi ń gbé òkú relé, a kì í fi ra igi. Ẹ mọ bí àríyànjiyàn náà ti gbóná tó. Ni àwa akọ̀wé yín bá dìde, a ní, "Ẹ fi owó yín sílẹ̀. A ó ṣe é fúnra wa."

Ìgbéraga díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní alẹ́ Sátidé, lẹ́yìn ọjà, a ra agolo ọ̀dà sílífà kékeré kan àti ìgò tínà kan, a tẹ́ férémù kìíní sílẹ̀ ní àgbàlá, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún pẹ̀lú gíláàsì àti àwòrán nínú rẹ̀, nítorí pé a ń kánjú. Ọ̀dà kán sí ara gíláàsì. A rẹ àkísà sínú tínà, a fi nù ún. Tínà náà gbé ọ̀dà, ó gba etí gíláàsì wọlé, a kò sì mọ̀. Nígbà tí a tú u ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ojú ìyá wa tí ó kọ́kọ́ di àpótí ìsìnkú mú ní ẹ̀ka yìí ti di sílífà láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Àwòrán kan ṣoṣo tí ìyá náà yà láyé rẹ̀ tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ayàwòrán tí ó yà á ti kú. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ń ta fóònù.

A gbé e lọ fún ọmọbìnrin rẹ̀, a dọ̀bálẹ̀. Kò bú wa. Ó wo férémù náà títí, ó ní, "Akọ̀wé, férémù yín mà dára o." Ọ̀rọ̀ náà dùn wá ju èébú lọ.

Ẹ̀yin èèyàn wa, àwa tí a wà ní ìdálẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú àwòrán. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí a bí síhìn-ín kò rí ìyá àgbà wọn rí bí kò ṣe lára ògiri. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ghana pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní ilẹ̀ wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ènìyàn wa pọ̀ nínú wọn. Ilé kò ṣeé gbé, ṣọ́ọ̀bù kò ṣeé gbé. Ṣùgbọ́n àwòrán òbí ṣeé dì sínú aṣọ. Nítorí náà, bí a bá ń tún férémù ṣe, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé nítorí àwòrán ni férémù ṣe wà.

Wàyí o, bí a ti ń ṣe é nìyí.

Èkínní: kí ẹ tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ gbé férémù náà síbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà, kì í ṣe inú oòrùn gangan, kí ẹ sì fi fóònù ya àwòrán náà. Ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ yín nílé lóko. Kò ná yín ní ohun kan tí ó pọ̀. Ká ní a ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní alẹ́ Sátidé yẹn, a kì bá tí ní ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ kankan láti sọ lónìí.

Èkejì: ẹ tú u. Ẹ tẹ́ aṣọ mímọ́, ẹ da ojú férémù dé e, ẹ fi píláyà tàbí ọ̀bẹ tí ẹnu rẹ̀ kú gbé àwọn ìṣó kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Ẹ yọ páálí, ẹ yọ àwòrán, ẹ yọ gíláàsì. Bí àwòrán bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ má fà á o! Bí ẹ bá fà á, ojú ènìyàn ni yóò ya. Ẹ fi òun àti gíláàsì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ gbé e lọ fún ayàwòrán kí ó tún un yà láti orí gíláàsì. Ẹ kó àwòrán sínú ìwé mímọ́, kí ẹ sì gbé e sí yàrá mìíràn, kì í ṣe ibi tí ọ̀dà wà.

Ẹ̀kẹta: ẹ mọ ohun tí a fi ṣe férémù yín. Bí ó bá jẹ́ pákó, kò le. Bí ó bá jẹ́ ike, bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú tí ó wà lọ́jà nísinsìnyí, ọ̀dà kì í fẹ́ dì mọ́ ọn. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ kí ọ̀rá ara rẹ̀ lọ, kí ẹ sì fi sáńpépà tí ó kúnná ha á fẹ́ẹ́rẹ́ títí dídán rẹ̀ yóò fi kú. Tínà a máa yọ́ àwọn ike kan. Ẹ kọ́kọ́ kán díẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ wò ó.

Ẹ̀kẹrin: ẹ ṣọ́ra fún eruku. Nínú ọ̀dà àtijọ́, òjé lè wà, òjé sì jẹ́ májèlé, pàápàá fún ọmọdé. Àwa tí a wà ní Òkè-Ọya kò gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010, nígbà tí eruku òjé láti inú òkúta tí àwọn ènìyàn ń fọ́ nílé láti wá wúrà pa àwọn ọmọdé tí ó ju 400 lọ. Nítorí náà, bí ẹ kò bá mọ irú ọ̀dà tí ó wà lára férémù àtijọ́, ẹ má ha á ní gbígbẹ. Ẹ rẹ sáńpépà sínú omi kí ẹ tó lò ó, ẹ fi àkísà tútù nu ìdọ̀tí rẹ̀, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a. Kí ọmọdé àti aboyún má ṣe wà nítòsí. Ẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó jẹun.

Ẹ̀karùn-ún: ẹ dí ihò. Lẹ́búlẹ́bú pákó tí ń dà sílẹ̀ nídìí ayùn káfíńtà, ẹ bù díẹ̀, ẹ fi gúlúù pò ó kí ó ki, ẹ fi dí ojú ibi tí ikán jẹ àti ojú ibi tí igun ti là. Bí ó bá gbẹ, ẹ fi sáńpépà ha á kí ó dọ́gba.

Ẹ̀kẹfà: ẹ kun ọ̀dà ìpìlẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kùnà nìyí. Wọ́n a kun sílífà sórí pákó lásán, pákó a fà á mu, a sì rí bí eérú. Àwọn oníṣẹ́ ayé àtijọ́ ní Yúróòpù, tí ń lẹ wúrà gidi mọ́ férémù, orí amọ̀ pupa ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí wúrà náà lè rí bí ohun tí ó gbóná láti inú wá. Ọgbọ́n náà ni kí a lò. Bí ẹ bá fẹ́ kun góòlù, ẹ fi ọ̀dà pupa tí ó ṣú díẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ sílífà, ẹ fi dúdú ṣe ìpìlẹ̀. Kí ó sùn mọ́jú kí ó tó kan èkejì.

Èkeje ni ọ̀dà dídán fúnra rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín: kò sí fàdákà nínú ọ̀dà sílífà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí wúrà nínú ọ̀dà góòlù olówó pọ́ọ́kú. Alumíníọ̀mù tí a lọ̀ kúnná ni sílífà, irú èyí tí a fi ń ṣe ìkòkò ọbẹ̀. Idẹ tí a lọ̀ kúnná ni góòlù náà, ìyẹn bàbà tí a yọ́ pọ̀ mọ́ síǹkì. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó máa ń ṣe idẹ bí ọwọ́ tí ó làágùn bá ń kàn án: a máa ṣú, a sì tún máa hu àwọ̀ ewé. Nítorí náà, férémù tí a óò máa gbé sọ̀kalẹ̀ nígbà gbogbo, sílífà ni kí ẹ fi kùn ún. Èyí tí yóò wà lókè láìsí ẹni tí ń fọwọ́ kàn án, ẹ lè fi góòlù kùn ún.

Lẹ́búlẹ́bú yìí a máa rọ̀ sí ìsàlẹ̀ agolo. Ẹ fi igi rò ó dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tún máa rò ó bí ẹ ti ń kùn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì múlọ́múlọ́ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lọ́nà kan náà, láti igun dé igun. Ẹ má lọ kí ẹ tún padà lé ibi tí ó ti ń gbẹ, nítorí ojú ọ̀nà búrọ́ọ̀ṣì yóò hàn. Ẹ̀ẹ̀mejì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sàn ju ẹ̀ẹ̀kan tí ó ki lọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó rí bí ohun àgbà, nígbà tí ó bá gbẹ tán, ẹ fi pólíìṣì bàtà dúdú díẹ̀ pa kọ̀rọ̀ ara rẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ nu ti òkè kúrò.

Ẹ̀kẹjọ: àkókò. Ní ìgbà ọyẹ́, ọ̀dà a máa tètè gbẹ, ṣùgbọ́n eruku a máa dà lé e. Inú yàrá tí a ti fi omi wọ́n ilẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ti kùn ún, kí fèrèsé tí afẹ́fẹ́ kò dojú kọ wà ní ṣíṣí, nítorí òórùn tínà kò dára fún ènìyàn. Kí sítóòfù má ṣe wà nítòsí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fa sìgá. Àkísà tí ó ti mu ọ̀dà tàbí òróró, ẹ má ká a jọ sí kọ̀rọ̀. Irú rẹ̀ a máa gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná. Ẹ tẹ́ ẹ síta kí ó gbẹ.

Ẹ̀kẹsàn-án: ẹ má kánjú dá àwòrán padà. Ẹ fún férémù ní ọ̀sẹ̀ kan, títí òórùn ọ̀dà kò fi ní sí mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gé páálí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí àwòrán ká, kí ojú rẹ̀ má baà kan gíláàsì. Ní ìgbà òjò ni àwòrán máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ẹ fi ìwé lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ pa kí aáyán má ráyè wọlé. Ẹ má gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ti ń wọlé, nítorí oòrùn a máa pa àwọ̀ ojú ènìyàn rẹ́.

Bí a ti ṣe mẹ́wàá tí ó kù nìyẹn, ọwọ́ kò sì kan àpótí ìsìnkú. Owó ọ̀dà, ti sáńpépà àti ti búrọ́ọ̀ṣì wà nínú ìwé ìṣirò wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó kí ó wá. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni a gbé òkú bàbá wa kan relé láti inú àpótí náà. Gbogbo yín ni ẹ mọ̀ bí ìbá ti rí ká ní a ti fún oníférémù.

Ní ti ìyá wa, ọmọ rẹ̀ rí àwòrán ìsọmọlórúkọ kan níbi tí ìyá náà dúró sí ẹ̀yìn àwọn ènìyàn. Ayàwòrán kan sọ ojú rẹ̀ di ńlá fún wa. Kò mọ́ kedere bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ ó ní láti sún mọ́ ọn kí ẹ tó rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín. Òun nìyẹn lókè ilẹ̀kùn, nínú férémù tí ó dán jù.

Sátidé tí ń bọ̀, lẹ́yìn ọjà, a óò wà nínú gbọ̀ngàn yìí pẹ̀lú ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí ó bá ní férémù àtijọ́ kí ó gbé e wá. Ṣùgbọ́n kí ó fi àwòrán inú rẹ̀ sílẹ̀ nílé.

 Àjò kò ní dùn kí onílé má relé.