ÌRÀWỌ̀ TÍ A SỌ NÍ ORÚKỌ TÍ KÌ Í ṢE TIRẸ̀

Ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Nínú ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tí a ń fi àkekèé pè, ọ̀kan wà tí ń jẹ́ AR Scorpii. Ojú lásán kò lè rí i. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a máa rìn fún nǹkan bí 380 ọdún kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn awòràwọ̀ kà á sí ìràwọ̀ kan ṣoṣo tí ń wú tí ó sì ń súnkì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà fún ohun tí ó ju 40 ọdún lọ.

Ní ọdún 2015, àwọn ènìyàn kan láti Jámánì, Bẹ́ljíọ̀mù àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún un wò. Iṣẹ́ ìràwọ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń jẹun. Ìfẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ní. Wọ́n rí i pé ìṣe rẹ̀ kò bá orúkọ rẹ̀ mu. Tom Marsh ti Yunifásítì Warwick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá gbé awò ńlá sí i, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2016.

Kì í ṣe ìràwọ̀ kan, méjì ni. Èkíní ni aràrá funfun, tí ó dà bí ẹyin iná tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ìràwọ̀ bí oòrùn wa ti jó tán. Kò tóbi ju ayé yìí lọ, ṣùgbọ́n ó wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po 200,000. Èkejì ni aràrá pupa, tí kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta oòrùn lọ ní ìwúwo, tí ó ṣì ń jó díẹ̀díẹ̀. Láàárín wákàtí 3.6 ni wọ́n fi ń yí ara wọn po lẹ́ẹ̀kan. Aràrá funfun ń pòòyì bí òkòtó, agbára òòfà rẹ̀ sì ń na èkejì rẹ̀ bí ẹgba, tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn fi lè di ìlọ́po mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ó tó tún rọlẹ̀. Ní ọdún 2017, David Buckley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn ìmọ́lẹ̀ náà láti Sutherland ní Gúúsù Áfíríkà, ohun tí wọ́n rí sì fi ìdí ọ̀rọ̀ òòfà náà múlẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ní gbogbo 40 ọdún wọ̀nyẹn, bí ìṣẹ́jú méjì-méjì ni ìràwọ̀ náà ń ṣẹ́jú sí wa. Orúkọ tí a ti kọ sílẹ̀ ni kò jẹ́ kí a tún wò ó. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá bèèrè ohun tí ìwé ti dáhùn, ẹ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ fún un ní àyè kí ó wò ó fúnra rẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.