Bí Iṣẹ́ Ìṣirò Owó Bá Sú Ọmọ Ẹni

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ kan ilé púpọ̀. Abúlé tí kò ní ọmọ tí ń ṣírò owó fún ilé iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Àkúrẹ́ tàbí ní òkè òkun kò pọ̀ mọ́. Òbí ta kòkó, wọ́n yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n kó àjọ, kí ọmọ náà lè kàwé jáde. Ọmọ rí iṣẹ́, gbogbo ilé sì yọ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọmọ kan náà wálé fún ọdún, ó jókòó ti bàbá rẹ̀, ó sì wí pé iṣẹ́ ìṣirò owó ti sú òun, pé òun fẹ́ wá nǹkan mìíràn ṣe.

Ní ọ̀pọ̀ ilé, ariwo ni yóò tẹ̀lé e. Ìyá yóò bèèrè bóyá ayé ni ó ń ṣe é. Bàbá yóò bẹ̀rẹ̀ sí ka iye owó tí ó ti ná láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé yunifásítì. Ọmọ yóò dákẹ́, yóò padà sí ibi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ rẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì. Ẹlòmíràn kì í tilẹ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni: yóò fi ìbínú kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kò sì ní pẹ́ tí àìlówó yóò fi lé e padà wálé. Ọ̀nà méjèèjì kò dára. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

IRÚ IṢẸ́ TÍ Ó JẸ́

Kí á tó dá ọmọ lẹ́bi, ó yẹ kí á mọ irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Gbogbo owó tí ó bá wọlé àti èyí tí ó bá jáde gbọ́dọ̀ ní ìwé tí ó jẹ́rìí sí i. Ní ìparí oṣù, ohun tí ó wà nínú ìwé ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bá ohun tí ó wà nínú ìwé báǹkì mu. Bí igba náírà péré bá sọnù láàrin méjèèjì, olùṣirò owó kì yóò lè sùn títí yóò fi rí ibi tí ó wọlé sí. Ní ìparí ọdún, àwọn ọ́dítọ̀ yóò dé, wọn yóò sì tú gbogbo rẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó ní ọlá ni. Gbogbo ẹni tí ó bá ti wà nínú ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ mọ̀ pé níbi tí ìwé owó bá ti dàrú, ìjà kò ní jìnnà. Síbẹ̀, iṣẹ́ ìjókòó àti ìdákẹ́jẹ́ ni, ohun kan náà ni a sì ń ṣe lóṣooṣù. Gbogbo ìka kò dọ́gba. Ẹni kan wà tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fún ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Ẹlòmíràn sì wà tí a dá láti máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀, tàbí láti máa fi ọwọ́ rẹ̀ kọ́ nǹkan, tí ìjókòó bẹ́ẹ̀ dàbí ẹ̀wọ̀n fún. Ìdánwò tún wà pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ àwọn olùṣirò owó tí a ń pè ní ICAN, tí òfin dá sílẹ̀ ní 1965, pín ìdánwò rẹ̀ sí ìpele mẹ́ta, ọ̀pọ̀ sì ni ó ń ti ibi iṣẹ́ dé ní alẹ́ kí ó tó ṣí ìwé. Àárẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ.

KÍ Ó WÁ ÌDÍ ÀÁRẸ̀ NÁÀ

Ẹni tí orí ń fọ́ kì í gé orí sọnù. Ohun tí ó yẹ kí ọmọ náà kọ́kọ́ ṣe ni kí ó mọ ibi tí ìnira ti ń wá, nítorí pé ìdí àárẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan.

Ó lè jẹ́ ibi iṣẹ́ ni kò dára: kí owó oṣù má tètè jáde, kí ọ̀gá máa bú ènìyàn ní gbangba, kí iṣẹ́ ènìyàn mẹ́ta wà lórí ẹnìkan. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ náà kọ́ ni ó sú u, ilé tí ó ti ń ṣe é ni.

Ó lè jẹ́ pé wọ́n ń sọ fún un kí ó kọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sínú ìwé, kí ó dín èrè kù nítorí owó orí, tàbí kí ó fọwọ́ sí ìwé owó tí kò rí. Èyí kò gba ìrònú gígùn. Bí ọ̀ràn bá dé, orúkọ ẹni tí ó kọ ìwé ni a óò kà. Kí ó kọ̀, kí ó sì tètè wá ibòmíràn lọ.

Ó lè jẹ́ àìsàn. Ẹni tí kò rí oorun sùn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí oúnjẹ kò wù ú mọ́, tí ohun tí ó máa ń mú inú rẹ̀ dùn tẹ́lẹ̀ kò sì mú un dùn mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ó kọ́kọ́ lọ. Kò yẹ kí a fi ọkàn tí ń ṣàìsàn yan ọ̀nà ayé.

Ó sì lè jẹ́ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni kò bá a lára mu.

Láti mọ èyí tí ó jẹ́, kí ó lo ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀. Kí ó ra ìwé kékeré kan, kí ó fa ìlà sí àárín ojú ewé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ ohun tí ó dùn mọ́ ọn nínú iṣẹ́ ọjọ́ náà sí apá kan, kí ó sì kọ ohun tí ó bà á nínú jẹ́ sí apá kejì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ó kà á. Bí orúkọ ẹnìkan ṣoṣo bá kún apá ìbànújẹ́, ó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Bí ó bá jẹ́ ìṣirò fúnra rẹ̀ ni ó kún ibẹ̀, ó ti mọ èyí náà.

Ọ̀NÀ KAN KÒ WỌ ỌJÀ

Àpẹẹrẹ méjì wà nínú ìtàn ilẹ̀ Yorùbá tí ó yẹ kí a rántí. Olóògbé Akíntọ́lá Williams ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè olùṣirò owó àgbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1949. Nígbà tí ó padà dé, iṣẹ́ owó orí ti ìjọba ni ó kọ́kọ́ ṣe. Ní 1952 ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì dá ilé iṣẹ́ ìṣirò owó tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó. Iṣẹ́ tí ó kọ́ kò yí padà. Ibi tí ó ti ń ṣe é ni ó yí padà. Ẹni ọdún 104 ni nígbà tí ó kú ní 2023.

Ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ yàtọ̀. Ó ṣe tíṣà, ó ṣe akọ̀wé ní Wesley College ní Ìbàdàn, ó ṣe oníròyìn, ó ṣòwò, ó sì fi ọkọ̀ kó ẹrù. Òwò náà fì í sínú gbèsè, ṣùgbọ́n kò fi ìwé kíkà sílẹ̀. Láìkúrò ní Nàìjíríà, ó gba oyè ìmọ̀ ìṣòwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944. Ní ọdún kan náà ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ òfin, ó sì di agbẹjọ́rò ní 1946. Ní 1954 ó di Olórí Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ìmọ̀ owó tí ó kọ́kọ́ ní ṣòfò.

Bákan náà ni fún ẹni tí ń ṣírò owó lónìí. Ó lè lọ sí ẹ̀ka owó orí tàbí ti àyẹ̀wò ìwé. Bí ìkọ́ni bá wù ú, ẹni tí ó ní oyè yunifásítì lè kàwé sí i láti gba ìwé ẹ̀rí ìkọ́ni tí a ń pè ní PGDE, kí ó sì kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò owó àti ìmọ̀ ìṣòwò. Bí oko tàbí òwò bá wù ú, ó ní ohun tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti oníṣòwò kò ní: ó mọ bí a ti ń mọ èrè yàtọ̀ sí owó tí ó kàn ń wọlé.

ÌMÚRA ṢÁÁJÚ ÌLỌ

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Kí ó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó fi ọjọ́ Sátidé tàbí àsìkò ìsinmi rẹ̀ tọ́ iṣẹ́ tuntun náà wò. Kí ó lọ bá ẹni tí ó ti pẹ́ nínú rẹ̀, kí ó sì bèèrè ohun tí ó nira níbẹ̀, kì í ṣe èyí tí ó dùn nìkan. Kí ó tọ́jú owó tí yóò bọ́ ọ àti àwọn tí ń gbára lé e fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, kí ó sì san gbèsè tí ó bá wà lọ́rùn rẹ̀.

Kí ó ka ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sọ nípa akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ ọlọ́wọ́ pé ẹni tí ó bá ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ ní ìfitónilétí oṣù kan. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ti ẹni tí ó lo ọdún méjì tí kò tíì pé márùn-ún. Ohun tí ìwé ìgbàṣẹ́ sọ ni àwọn ọ̀gá iṣẹ́ yóò tẹ̀lé. Ní ti owó ìfẹ̀yìntì, àpamọ́ tí òfin 2004 àti ti 2014 là sílẹ̀ ń bá òṣìṣẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́ tuntun ni. Ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, tí ó sì lo oṣù mẹ́rin láìríṣẹ́ mìíràn, lè gbà tó ìdá mẹ́rin owó náà.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó fa iṣẹ́ lé ẹni tí ó kàn lọ́wọ́ dáadáa. Kí wọ́n jọ ka owó tí ó wà nínú àpótí, kí wọ́n jọ wo ìwé báǹkì, kí wọ́n kọ gbogbo kọ́kọ́rọ́ àti ìwé sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Kí ó mú ẹ̀dà kan dání. Olùṣirò owó tí ó bá lọ láìṣe èyí, gbogbo owó tí ó bá sọnù lẹ́yìn rẹ̀, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ fura sí.

SÍ ÀWỌN ÒBÍ

Owó tí òbí ná kò ṣègbé nítorí pé ọmọ yí ọ̀nà padà. Ẹ̀kọ́ tí a fi owó náà rà ṣì wà lórí rẹ̀. Kí bàbá má ṣe bèèrè pé, "Kí ni ayé yóò wí?" Kí ó bèèrè pé: Kí ni ó sú ọ níbẹ̀? Kí ni o fẹ́ ṣe? Èló ni o ti fi pa mọ́? Ta ni o ti bá sọ̀rọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ tí o fẹ́? Ọmọ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí ti múra, àdúrà ni ó kù tí à óò fi sìn ín. Èyí tí kò bá sì lè dáhùn wọn kò tíì tó láti lọ, ṣùgbọ́n kí á má lé e. Kí á fún un ní oṣù díẹ̀ kí ó lọ wá ìdáhùn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá ilé Ifẹ̀.