Òdòdó Díẹ̀ Nínú Àwo
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Ọbanikoro



Àwọn kan ń béèrè ohun tó kan Jàpáànì nínú owó alájẹṣẹ́kù. Wọ́n jàre. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ra òdòdó ìgbéyàwó rí mọ bí owó ti ń jó. Ẹ̀ka pàtàkì mẹ́ta péré làwọn ará Jàpáànì fi ń gbé àwo òdòdó dúró. Ikebana ni wọ́n ń pè é.

Ọ̀nà rẹ̀ pọ̀. Ti Ikenobo ni àgbà, tẹ́ńpìlì kan ní Kyoto ló ti jáde. Òfin rẹ̀ le. Ti Ohara ń lo àwo pẹrẹsẹ àti irin ẹlẹ́gùn-ún tí a ń gún ẹsẹ̀ òdòdó mọ́. Ti Sogetsu, tí Sofu Teshigahara dá sílẹ̀ ní 1927, gba ohunkóhun, títí kan igi gbígbẹ àti irin. Òun ló wù mí jù, nítorí imọ̀ ọ̀pẹ kò wọ́n wa. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká tọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò.

Ká má sì dá a kọ́ nílé. Bí gbogbo wa bá gba ewé kan náà, tèmi yóò yàtọ̀ sí tìrẹ, olùkọ́ yóò sì tún un ṣe lójú gbogbo wa. Irin ẹlẹ́gùn-ún yẹn, ká jùmọ̀ rà á. Ẹni mẹ́ta lè máa pín ẹyọ kan lò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìbò fún un lónìí.