Òkúta Ẹnu Ọ̀nà Wa

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa sọ níbi àpèjọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde)

  

Àwọn tó ṣètò ọjọ́ òní ní kí n wá sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa iṣẹ́ mi. Iṣẹ́ jiọ́lọ́jì ni, ìyẹn ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín ń sọ ọ́ sínú pé, "Kí ló wà lára òkúta tí odindi àgbàlagbà á máa ṣà á kiri?" Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá: àwa ọmọ Òkè-Ògún ń gbé lórí ohun tí a kò mọ̀ tó, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ti ń wá kó o.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, ojú kì í wá àpáta tì. Orí àpáta ni àwọn ìyá wa ń sá èlùbọ́ sí, lára òkúta ni a ti ń gbẹ́ ọlọ. Gíránáìtì tó wà lára àwọn òkè wa ti tó nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún. Nígbà náà, ohun yíyọ́ tó gbóná janjan ni, nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó rọra tutù, ó sì le. Òjò àti oòrùn wá ń họ ilẹ̀ tó bò ó lórí díẹ̀díẹ̀ títí orí rẹ̀ fi yọ síta. Bó ṣe yọ tán ló bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí àlùbọ́sà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ Òkè Àṣabàrí ní Ṣakí dáadáa, ẹ ó rí ohun tí mò ń wí.

Ẹni tó bá ti gun òkè Adó-Àwáyè mọ adágún Ìyáké tó wà lórí rẹ̀, ó sì mọ àwọn kòtò tí à ń pè ní Ẹsẹ̀ Àwọn Àgbà. Omi òjò tó dúró sójú kan ló máa ń jẹ irú òkúta bẹ́ẹ̀, tí kòtò kékeré fi ń di ńlá. Ẹ má sọ pé mo fẹ́ ba ìtàn jẹ́ o! Àwọn baba Adó gbé lórí òkè yẹn nígbà ogun, omi tó sì wà lórí àpáta wúlò fún ẹni tó ń sá fún ọ̀tá. Ìtàn àwọn àgbà àti ìtàn òkúta lè jọ jókòó sórí ẹní kan.

Àwọn ọmọ iléèwé máa ń bi mí pé, "Ṣé a lè rí egungun ẹja nínú òkúta Ṣakí?" Rárá. Iná abẹ́ ilẹ̀ ti se òkúta tiwa jù fún ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó lọ sí Ewékorò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta sìmẹ́ńtì láti 1960. Òkun dé ibẹ̀ ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Nígbà tó padà sẹ́yìn, ìkarahun àti oríṣiríṣi ẹran omi kù sínú ẹrẹ̀, wọ́n sì di òkúta pẹ̀lú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ará Ewékorò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ rántí mábù Ìgbẹ́tì. Òkúta bíi ti Ewékorò ni mábù kó tó di mábù. Ooru àti ẹrù tó wà lórí rẹ̀ ló sọ ọ́ di ohun tó le tó sì ń dán. Inú omi òkun ni irú òkúta bẹ́ẹ̀ sì sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni pé òkun ti wà ní Òkè-Ògún rí, ṣáájú kí ẹja kankan tó wà láyé!

Àwa àti òkun kò tíì pín títí dòní. Lẹ́bàá Ṣakí ni odò Ògùn ti ṣàn wá, Òfìkì àti Ọ̀yán sì dà sínú rẹ̀, ó di ọ̀sà Èkó. Gbogbo ọ̀nà ló ń ru iyanrìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé l'Ékòó, tí ẹ ń ra iyanrìn ọ̀sà, ó lè jẹ́ pé ara òkè bàbá yín lẹ fi ń po sìmẹ́ńtì.

Etíkun Èkó náà ló kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ tó tóbi jù. Iyanrìn ibẹ̀ máa ń bá ìgbì rìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, ìjọba amúnisìn fi òkúta kọ́ odi gígùn wọ inú òkun kí ọkọ̀ lè ráyè wọlé. Ọkọ̀ ojú omi wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n odi náà dá iyanrìn dúró. Apá kan ń kún, Bar Beach lápá kejì ń jẹrà lọ. Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí òkun fi jẹ ibẹ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í da iyanrìn sí i fún Eko Atlantic ní 2009. Bí a bá ṣí òkúta nípò láìmọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀, ọmọ ọmọ wa ni yóò san gbèsè náà.

Ibi tí mo ń lọ nìyẹn. Nínú àpáta wa ni àwọn iṣan funfun kan wà. Inú irú iṣan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń wa òkúta olówó iyebíye tí wọ́n ń pè ní tourmaline ní agbègbè Kómu, àti tantalite ní ìhà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, èyí tí wọ́n ń lò nínú tẹlifóònù alágbèéká. Ní báyìí, lithium tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì ni gbogbo ayé ń wá kiri. Àwọn àgbà ní ẹni tó mọ iyì wúrà là ń tà á fún. Ní tiwa, ẹni tó ń rà á nìkan ló mọ iyì rẹ̀. Àgbẹ̀ á gba owó táṣẹ́rẹ́, oníkùsà á lọ, kòtò á kù, òjò á rọ̀ sí i, màlúù tàbí ọmọdé á já sínú rẹ̀.

Àìmọ̀ máa ń pa èèyàn o. Ní 2010, ní Zamfara, àwọn èèyàn ń lọ òkúta wúrà nínú ọgbà ilé wọn. Òjé wà nínú òkúta náà, wọn kò mọ̀. Ó lé ní 400 ọmọ kékeré tó kú láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká gbọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ wa.

Kí la lè ṣe? Ẹ jẹ́ ká ṣe mẹ́ta péré. Èkíní, òfin ìwakùsà ti 2007 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun àlùmọ́ọ́nì, ṣùgbọ́n ó tún ní kí ẹni tó gba ìwé àṣẹ ìwakùsà bá ará ìlú ṣe àdéhùn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀yin lọ́yà àarin wa, ẹ bá àwọn ọba wa àti àwọn baálẹ̀ ka òfin yẹn. Kí wọ́n máa béèrè ìwé. Èkejì, kí ìlú má gba ẹnikẹ́ni tí kò ní dí kòtò rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa ra àpótí onídígí kan fún iléèwé wa, ká to òkúta Òkè-Ògún sínú rẹ̀, ká kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ibi tí a ti rí i sí i lára. Èmi á mú ogún àkọ́kọ́ wá kí sáà tó ń bọ̀ tó wọlé. Kí ẹ̀yin tó kù bá mi mú tiyín wá láti oko.

Ọmọ tó bá mọ orúkọ òkúta tó wà lẹ́nu ọ̀nà bàbá rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fi ẹgbẹ̀rún náírà méjì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.