Olè Tí Ń Jí Orúkọ
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò wa)



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èlé tàbí ti owó ìpín. Ọ̀rọ̀ olè ni. Ṣùgbọ́n olè yìí kì í fọ́ ilẹ̀kùn, ajá kì í sì í gbó o. Orúkọ ẹni ni ó ń jí. Yóò mú orúkọ wa, ọjọ́ ìbí wa, àwòrán wa àti nọ́ńbà wa, yóò fi wọ́n sọ ara rẹ̀ di àwa, yóò wá jẹ gbèsè sí wa lọ́rùn.

Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn tó àwa ẹlẹ́gbẹ́. Láti ọdún 1935 tí òfin ẹgbẹ́ àjùmọ̀ṣe àkọ́kọ́ ti jáde ní Nàìjíríà, orúkọ ni àwọn bàbá wa fi ń yá ara wọn lówó. Ọmọ ẹgbẹ́ kì í gbé ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ wá kí á tó yá a lówó. Onídùúró ni ó ń mú wá, àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n tí wọ́n sì lè fọwọ́ sọ̀yà nítorí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ba orúkọ wa jẹ́, owó wa gan-an ni ó kó lọ.

Ẹ jẹ́ kí á sọ èyí tí ojú wa rí. Ní ọdún 2024, ìyá kan tí ó ń ta aṣọ nínú ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ wa fẹ́ yá owó ní báǹkì láti fi kó ọjà ọdún. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ìyá yìí ti ń dá owó, a kò sì ránṣẹ́ gbèsè sí i rí. Báǹkì dá a lóhùn pé orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn ajigbèsè, pé ibi mẹ́ta ni ó ti yá owó lórí fóònù tí kò san án. Ìyá wa búra, ó sunkún. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn agbowó ti pe àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, wọ́n ní kí ó kìlọ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ olè.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Nọ́ńbà fóònù àbúrò náà, ibì kan ṣoṣo ni ìyá yìí kọ ọ́ sí rí: inú fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ wa, níbi tí a ti bèèrè orúkọ ìbátan.

Ẹ̀yin ará, ẹ má bínú sí wa. Ní ọdún 2021, nígbà tí a ń tún orúkọ kọ, a ní kí olúkúlùkù kọ nọ́ńbà BVN àti NIN rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù, kí ó sì lẹ àwòrán mọ́ ọn. A kò tilẹ̀ mọ ohun tí a fẹ́ fi wọ́n ṣe. Àwọn fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ ní àkọgé tí a ní kí wọ́n tún kọ, a rọ́ wọn sínú àpò kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Ẹni tí ó ń gbálẹ̀ rò pé ìdọ̀tí ni, ó tà wọ́n fún oníàkàrà. Ọmọ ẹgbẹ́ kan ra àkàrà ní òwúrọ̀, ó tú u, ó rí àwòrán aládùúgbò rẹ̀ tí epo ti rin gbingbin. Ó mú un wá fún wa, a sì fi rẹ́rìn-ín nígbà náà. A kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Oṣù méje ni ó gbà kí á tó yọ orúkọ ìyá náà nínú ìwé gbèsè. Ọjà ọdún ti kọjá. Ẹgbẹ́ rẹ̀ yá a lówó láìgba èlé, a sì ti bẹ̀ ẹ́ ní gbangba. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde; ìdí nìyí tí a fi bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ara wa.

Ẹ jẹ́ kí á mọ bí olè yìí ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún 2014 ni Báǹkì Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ BVN, nọ́ńbà mọ́kànlá tí ó so gbogbo àkáǹtì ènìyàn mọ́ ìka àti ojú rẹ̀. NIN náà jẹ́ nọ́ńbà mọ́kànlá. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2020, ìjọba pàṣẹ pé kí á so NIN mọ́ káàdì síìmù wa. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n okùn kan náà ni ó wá so fóònù, owó àti orúkọ wa pọ̀. Nọ́ńbà BVN nìkan kò lè kó owó jáde ní àkáǹtì. Olè a máa ṣà á jọ díẹ̀díẹ̀ ni: ọjọ́ ìbí níhìn-ín, àwòrán lọ́hùn-ún, títí yóò fi ku nọ́ńbà àṣírí kan ṣoṣo. Ìgbà yẹn ni yóò pè wá, tí yóò sọ pé láti báǹkì ni òun ti ń pè.

Nítorí náà, ohun tí a ó máa ṣe nílé nìyí.

Èkíní, nọ́ńbà àṣírí káàdì wa àti èyí tí báǹkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù, tí wọ́n ń pè ní OTP, a kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Báǹkì tòótọ́ kì í bèèrè rẹ̀.

Èkejì, àwọn kan ń wọ ọjà wá pẹ̀lú owó díẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́ ìjọba, wọ́n ń ya ìwé NIN, wọ́n ń gba ìka ọwọ́. Wọ́n lè fi ìka wa forúkọ síìmù sílẹ̀ kí wọ́n sì fi lu ẹlòmíràn ní jìbìtì. Ọ̀dọ̀ wa ni ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ wá.

Ẹ̀kẹta, bí a bá ń ṣe ẹ̀dà ìwé, kí á dúró ti ẹ̀rọ, kí á sì kó èyí tí ó bàjẹ́ lọ. Kí á kọ ọjọ́ àti ohun tí ẹ̀dà náà wà fún gba àárín rẹ̀ kọjá, kí ẹlòmíràn má baà lè lò ó fún ohun mìíràn.

Ẹ̀kẹrin, bí fóònù wa bá ṣàdédé kú nígbà tí ti aládùúgbò ń ṣiṣẹ́, kí á má dúró di ọ̀la. Ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ti gba síìmù wa. Kí á sáré sí ilé-iṣẹ́ fóònù àti báǹkì. Kí á fi nọ́ńbà àṣírí ti síìmù wa pa, kí ẹni tí ó bá jí fóònù má lè lò ó nínú òmíràn.

Ẹ̀karùn-ún, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà. Ọ̀pọ̀ ìyá wa ni ó jẹ́ pé nọ́ńbà ọmọ ni ó fi gba BVN. Ọmọ sọ fóònù nù ní Èkó, kò sọ fún ìyá. Nọ́ńbà tí a pa tì sì lè di ti ẹlòmíràn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá wọn lọ sí báǹkì, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Bí òbí bá kú, ẹ tètè fi tó báǹkì létí.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Kí á sọ fún báǹkì kí wọ́n ti àkáǹtì. Kí á fẹjọ́ sun ọlọ́pàá, kí á ṣe ìwé ìbúra ní kóòtù, kí á fi ẹ̀dà rẹ̀ kọ̀wé sí ẹni tí ó ní a jẹ òun lówó. Kí á pa gbogbo èsì mọ́.

Ní tiwa, a ti sun àwọn fọ́ọ̀mù àtijọ́ tí kò wúlò mọ́ lójú àwọn alábòójútó. Ìyókù wà nínú àpótí irin, ẹni méjì ni ó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. A kì yóò bèèrè BVN mọ́ láìsọ ìdí rẹ̀. Òfin ọdún 2023 tí ó dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí ènìyàn sọ pé ẹni tí ó bá gba irú nǹkan wọ̀nyí gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀. Bí ó bá sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́nà tí ó lè ṣe ènìyàn ní ibi, kí ó fi tó àjọ ìjọba létí láàrin wákàtí 72. A bẹ akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pé kí ó yẹ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ wò kí oṣù yìí tó parí. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Owó tí olè gbé, a tún lè ṣiṣẹ́ rí òmíràn. Orúkọ tí ó bàjẹ́, ó ń pẹ́ kí ó tó tún ṣe. Àjẹṣẹ́kù wa kò ní di àjẹgbé o. Ire o.