Ta Ni Yóò Sọ fún Dókítà Àgbà?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn,

Bí aláìsàn bá kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kíá ni a máa ń sọ pé, "Àmúwá Ọlọ́run ni." Ọwọ́ Ọlọ́run ni ikú wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni ó ka owú tí a tì bọ inú rẹ̀ kí a tó rán an?

Ní ọdún 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé pélébé kan jáde, ohun 19 ni ó wà nínú rẹ̀. Kí ọ̀bẹ tó kan ara, gbogbo àwọn tí ó wà nínú yàrá yóò dárúkọ ara wọn àti iṣẹ́ wọn. Wọn yóò tún fi ẹnu kò lórí orúkọ aláìsàn àti ibi tí a fẹ́ là. Kí ó tó jáde, nọ́ọ̀sì yóò ka abẹ́rẹ́ àti owú. Wọ́n dán an wò ní ìlú 8, Lọ́ńdọ̀nù àti Ifakara ní Tanzania wà lára wọn. Ikú dín kù láti nǹkan bí 15 nínú 1,000 sí 8.

Lójú tèmi, ẹnu tí ó là ni ó ṣe iṣẹ́ náà ju ìwé lọ. Nílé wa, ọmọdé kì í sọ pé àgbà ṣì í ṣe. Ọmọlúàbí ni lójúde. Nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, ó lè pa ènìyàn. Ẹni tí ó bá sì jẹ́wọ́ àṣìṣe ara rẹ̀, ìyà ni a fi ń san án fún un. Nítorí náà ni ẹlòmíràn ṣe ń fi tirẹ̀ pamọ́, tí àṣìṣe kan náà sì ń padà wá.

Ẹ̀yin ni ọ̀gá lọ́la. Kí ẹ tó mú ọ̀bẹ, ẹ bi ẹni tí ó kéré jù níbẹ̀ pé: "Ǹjẹ́ ojú rẹ rí ohun tí tiwa kò rí?"